Ọgbẹ́ Tí Ọ̀rọ̀ Nìkan Kò Wò Sàn: Ẹ̀kọ́ láti Craiglockhart àti Aró

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, arákùnrin kan nínú ìjọ tí mo ń bójú tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Mo pè é síwájú pé kí ó wá jẹ́rìí. Ìjọ yọ̀, a jó. Mo tún pè é ní ìṣọ́ òru, mo tún pè é ní ìpàdé àgbègbè. Lẹ́yìn ìgbà kẹta ni ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé nígbàkúùgbà tí ó bá ti sọ ìtàn náà, kì í rí oorun sùn fún ọjọ́ mélòó kan. Mo rò pé ẹ̀rí ni mo ń gbọ́, láìmọ̀ pé egbò ni mo ń ṣí. Èyí ni ó mú mi yẹ ìtàn wò.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní (1914–1918), ọ̀pọ̀ ọmọ ogun padà láìní ọgbẹ́ lára, síbẹ̀ wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń kólòlò, àlá burúkú sì ń jí wọn lóru. Ní 1916, a sọ ilé ìtura kan ní Craiglockhart, ní Edinburgh, di ilé ìwòsàn fún àwọn ọ̀gá ológun tí irú àìsàn yìí mú.

Dókítà W. H. R. Rivers ń jókòó ti àwọn aláìsàn rẹ̀ kí wọ́n lè sọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Èyí ràn ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Arthur Brock, rí i pé ogun ti já ènìyàn kúrò lára iṣẹ́, ilẹ̀ àti àwùjọ rẹ̀. Ó gbà pé iṣẹ́ ni yóò tún un so pọ̀. Ó máa ń tọ́ka sí Antaeus, òmìrán inú ìtàn àwọn Gíríìkì, tí agbára rẹ̀ kì í tán níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀. Wilfred Owen, akéwì, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹfà 1917. Brock fún un ní iṣẹ́: ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn ilé ìwòsàn náà, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ Tynecastle. Díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀.

Nílẹ̀ wa, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ irú ètò tí ó jọ èyí ní Aró, Abẹ́òkúta, ní 1954. Àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé ní abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ìbátan wọn kan pẹ̀lú wọn. Wọ́n ń gba oògùn, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ láàárín ará abúlé. Lambo tún bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Níbẹ̀ ni àwa kò lè bá a dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun ń fi ẹbí yí aláìsàn ká, ẹ̀wọ̀n ni àwọn mìíràn nínú wa fi dè é ní àgọ́ àdúrà. Ta ni ó sún mọ́ Ìhìnrere jù?

Ẹ rántí Èlíjà nínú 1 Ọba 19. Ó ní kí òun kú. Oorun, àkàrà àti omi ni ó kọ́kọ́ rí gbà, lẹ́ẹ̀mejì; lẹ́yìn ìrìn ogójì ọjọ́ ni Olúwa tó bi í pé kí ni ó ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tí ó fi erùpẹ̀ mọ wá kò gbàgbé pé a ní ara.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan wà. Ilé ìwòsàn ológun ni Craiglockhart. Ó ń wo ènìyàn sàn kí ó lè padà sójú ogun. Owen padà, wọ́n sì pa á ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá 1918, ọ̀sẹ̀ kan kí ogun tó parí. Èmi náà ti fẹ́ kí arákùnrin yẹn sàn kí ó lè wúlò fún ìpàdé mi.

Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ gbàdúrà, ẹ tẹ́tí, ẹ rán wọn sí dókítà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó fara gbọgbẹ́ yan ìgbà tí yóò sọ̀rọ̀, kí ẹ sì bá a wá iṣẹ́ àti ẹgbẹ́. Arákùnrin wa ń bá àwọn bàbá ìjọ ro oko ẹ̀gẹ́ ní àárọ̀ Sátidé. Ó ṣì máa ń ta jí lóru nígbà mìíràn. A kò tíì pè é síwájú mọ́.