Ojú Afẹ́fẹ́ àti Ihò Imú: Lórí Adùn Wíwá Orísun Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ihò imú ni nostril. N kò kàn túmọ̀ rẹ̀ lásán. Bí àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ṣe so ó pọ̀ gan-an nìyẹn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ kí àwọn ará Normandy tó wá gba ilẹ̀ náà ní 1066, nosu ni imú, þyrel ni ihò. Àmì þ yẹn ni wọ́n fi ń kọ ohùn th. Nosþyrl ni wọ́n ń wí. Ẹnu ìran dé ìran lọ ọ̀rọ̀ náà kúnná títí oríkèé rẹ̀ fi parẹ́. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń pe nostril lónìí kò gbọ́ ihò kankan nínú rẹ̀ mọ́.

Àwa ń gbọ́ ihò nínú ihò imú lójoojúmọ́. Láti kékeré la ti ń tú ọ̀rọ̀: bí wọ́n bá sọ ọmọ ní Babátúndé, kò sẹ́ni tí yóò wá ìwé atúmọ̀ èdè lọ kó tó mọ ohun tí ìdílé náà ń wí. Àmọ́ nígbà tí a bá ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, bí òkúta ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń bọ́ sí wa lọ́wọ́. A há a sórí, a há bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí, ó parí. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbí ni pé adùn tó wà nínú wíwá orísun àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, adùn rírí oríkèé tó ti parẹ́ ni, àti pé adùn náà kì í tọ́jọ́ bí ẹ̀rí kò bá tì í lẹ́yìn.

Ẹ wo window. Inú èdè àwọn ará Scandinavia tó wá tẹ̀dó sí àríwá àti ìlà-oòrùn England ló ti wá: vindauga, ojú afẹ́fẹ́. Èyí tí àwọn onílẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀ ni ēagþyrel, ihò ojú, þyrel kan náà tó wà nínú imú. Òdòdó kékeré tí wọ́n ń pè ní daisy, dæges ēage ni, ojú ọjọ́, torí pé ó máa ń là bí ilẹ̀ bá mọ́, a sì padé bí ilẹ̀ bá ṣú. Ohun mìíràn ni àwa ń pè ní ojú ọjọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ ojú ọ̀run, ojú omi, ojú ọ̀nà àti ojú abẹ́rẹ́ mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni lord àti lady. Hlāfweard ni lord, ẹni tó ń ṣọ́ búrẹ́dì. Hlǣfdīge ni lady, ẹni tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Hlāf yìí ló di loaf. Ìránṣẹ́ ilé náà ńkọ́? Hlāfǣta, ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ kẹta yìí ti kú, ṣùgbọ́n bí a bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ètò ilé ọlọ́lá ayé ìgbà náà yọ kedere: ọ̀kan ń pò ó, ọ̀kan ń ṣọ́ ọ, àwọn yòókù ń jẹ lábẹ́ wọn. Mo máa ń rántí èyí ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ìjọ bá fi Gẹ̀ẹ́sì pe Ọlọ́run ní Lord tí wọ́n sì ń tọrọ oúnjẹ òòjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe torí búrẹ́dì ni wọ́n ṣe yan ọ̀rọ̀ náà o; Dominus èdè Látìn ni wọ́n fi í túmọ̀. Síbẹ̀ inú mi máa ń dùn pé wọ́n pàdé.

Ìtàn kan wà tí àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn: pé lẹ́yìn 1066, àwọn tálákà tó ń da ẹran ń pè é ní cow, sheep àti swine, àwọn ọlọ́lá tó ń sọ Faransé tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ ń pè é ní beef, mutton àti pork. Walter Scott fi í sínú Ivanhoe, tó jáde ní ìparí 1819, ó sì tàn kálẹ̀. Òótọ́ ni pé inú Faransé ni àwọn ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ti wá. Àmọ́ àkọsílẹ̀ fi hàn pé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n tún fi ń pe màlúù tó wà láàyè ní beef, tí wọ́n sì ń pe àgùntàn tó ń jẹko ní mutton. Díẹ̀díẹ̀ ni ààlà náà fi le. Èyí yé wa dáadáa, torí pé ẹran ni tiwa nínú pápá, ẹran náà ni nínú ọbẹ̀.

Ìwé atúmọ̀ ńlá ti Oxford ló kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ. Ẹgbẹ́ onímọ̀ èdè ní London ló dá a lábàá ní 1857. James Murray di olóòtú rẹ̀ ní 1879. Apá kìíní jáde ní 1884, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1928, nígbà tí Murray ti kú láti 1915. Àwọn òǹkàwé tó yọ̀ǹda ara wọn ń da gbólóhùn kọ sórí pélébé ìwé, pẹ̀lú orúkọ ìwé àti ọdún rẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù yìí ni mo bọ̀wọ̀ fún ju ìtàn aládùn lọ. Wọ́n ní iyọ̀ ni wọ́n ń san fún ọmọ ogun Róòmù, pé ibẹ̀ ni salary ti wá. Salarium bá sal, iyọ̀, tan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí láti ayé àtijọ́ pé wọ́n gbé iyọ̀ lé ọmọ ogun lọ́wọ́ dípò owó.

Èmi náà lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀ lónìí. Etymology, orúkọ ẹ̀kọ́ yìí, inú èdè Gíríìkì ló ti wá: étymon, òótọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtumọ̀ tiwa. Ohùn wọn jọra, èrò wọn jọra, ẹnu á sì fẹ́ sọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ní oríkèé tirẹ̀: ì, tú, mọ̀. A tú nǹkan ká lè mọ̀ ọ́n. Kòńgẹ́ lásán ni.

N kò tilẹ̀ gbà pé òótọ́ ọ̀rọ̀ wà nídìí rẹ̀. Nescius, aláìmọ̀kan, ni ìdí nice, òmùgọ̀ ni wọ́n sì ń fi pè ní nǹkan bí 1300. Alábùkún ni silly tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé aṣọ mi nice kò bú mi. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà rìn láti èébú dé ìyìn ni mo fẹ́ mọ̀.

Thrill náà rìn irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Láti ara þyrel ni wọ́n ti ṣẹ̀dá þyrlian, kí a dá nǹkan lu. R sún kúrò ní àyè rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà di thrill, nígbà tó sì yá, wọn kò fi pe lílu igi tàbí irin mọ́ bí kò ṣe ayọ̀ òjijì tó ń gún ni wọra. Ihò tó wà ní imú wa náà ni.