Àtúnṣe Láàrin Agbo Ìjálá

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́: bí ènìyàn bá rí àbùkù nínú iṣẹ́ ọnà ẹlòmíràn, tí onítọ̀hún kò sì bi í, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó sọ ọ́? Àwọn kan ní ọ̀yájú ni. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ síta ti gbé e fún gbogbo ayé. Ní tèmi, àwọn ọdẹ ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́ kí yunifásítì tó dé ilẹ̀ wa.

Ẹ wo ìwé tí Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá, tí a tẹ̀ jáde ní 1966. Bí oníjàálá kan bá ń sun ìjálá lọ, tí ó sì ṣìnà nínú oríkì, oníjàálá mìíràn tí ó wà ní ìjókòó lè gbà á lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé a pè é. Kì í ṣe ẹ̀yìn ni yóò ti sọ ọ́, kì í sì í ṣe ẹnu lásán: ìjálá ni yóò fi sun ún, pé òun kò fara mọ́ ọn. Bí ẹnìkan bá pe Ìrè ní ilé Ògún, èkejì lè ní kì í ṣe ilé rẹ̀, ẹmu ni Ògún yà mu níbẹ̀. Ẹni tí a bá wí náà lè fèsì. Ó lè ní ìṣojú òun ni nǹkan ṣe, tàbí kí ó fi ẹran igbó ṣe àpèjúwe pé kí olúkúlùkù máa tọ ipa ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn kan lè pe èyí ní ìsákúrò. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Àlejò tí ó wá síbi ìnáwó kò wá gbọ́ ẹjọ́.

Robert Farris Thompson, ará Amẹ́ríkà, náà gbọ́ àríwísí lórí ère gbígbẹ́ lẹ́nu àwọn ará abúlé wa, ṣùgbọ́n òun ni ó lọ bi wọ́n.

Kí ló dé tí àwọn ọdẹ kò fi dákẹ́? Ẹ jẹ́ kí n mú yín wá sí agbègbè wa, ní etí odò Ọ̀tìn. Nígbà tí ogun Jálumi dé ní 1878, àwọn ará Òkukù sá wọ Ìkìrun, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ń sá fún ogun kò lè ru ilé lọ. Oríkì orílẹ̀ ni ó ń mú dání. Karin Barber, tí ó gbé ní Òkukù, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ní 1991 pé òun ni àwọn ará ìlú fi ń dá ara wọn mọ̀, pé ọmọ Ọ̀fà ni eléyìí, pé ibòmíràn ni tọ̀hún ti ṣẹ̀ wá. Bí a bá wá fi orílẹ̀ ẹni sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ lójú agbo, tí gbogbo ènìyàn sì dákẹ́, irọ́ náà ni àwọn ọmọ yóò jogún.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹnu ni ó ní àṣẹ yìí. Ní Eko Ende mo rí ọkùnrin kan láàrin èrò ìwòran tí ó kígbe pé oníjàálá ṣì í. Àwọn ọdẹ kò bá a jà. Wọ́n lanú àyè sílẹ̀ fún un láàrin agbo, wọ́n ní, “Ó yá, ẹ bá wa sun ún.” Kò wọlé.

Ní ti Ìrè, ẹjọ́ náà kò tí ì tán. Wọ́n ń ṣe ọdún Ògún ní Ìrè-Èkìtì, wọn a sì sọ fún àlejò pé ibẹ̀ gan-an ni Ògún wọlẹ̀ sí. Ta ni yóò fi ọ̀rọ̀ ẹmu lé wọn kúrò nídìí rẹ̀?