Ààyò àwọn obìnrin nínú ohun ìdènà kòkòrò HIV

Ààyò àwọn obìnrin nínú ohun ìdènà kòkòrò HIV jẹ́ ẹ̀ka ìwádìí ìlera tó ń bi àwọn obìnrin léèrè irú ohun tí wọ́n fẹ́ máa fi dáàbò bo ara wọn, tó sì ń wò ó bóyá wọ́n á máa lò ó lóòótọ́. Lára ohun tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ ni kọ́ńdọ̀mù obìnrin, jẹ́ẹ̀lì, òrùka ojú ara, hóró oògùn PrEP (èyí tí ẹni tí kò ní HIV ń lò kó má baà kó o) àti abẹ́rẹ́. Gúúsù àti ìlà-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí náà, torí pé níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń kó kòkòrò náà ju àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn lọ fíìfíì.

Ìpìlẹ̀

Lọ́dún 1990, Zena Stein, onímọ̀ ìtànkálẹ̀ àrùn tí wọ́n bí ní Gúúsù Áfíríkà, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìlera kan ní Amẹ́ríkà pé ó yẹ kí obìnrin ní ohun ìdènà tí yóò wà ní ìkáwọ́ tirẹ̀. Kọ́ńdọ̀mù tó wọ́pọ̀ nígbà náà, bí ọkùnrin bá ti kọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Kọ́ńdọ̀mù obìnrin gba àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lọ́dún 1993. Ní Zimbabwe, ó lé ní 30,000 èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba jẹ́ kó wọlé. Àmọ́ àwọn tó lò ó ń ráhùn pé ó ń dún, àti pé kò ṣeé fi pamọ́ fún ọkùnrin.

Nàìjíríà náà wà nínú ìtàn yìí: wọ́n dán jẹ́ẹ̀lì C31G wò ní Èkó àti Ìbàdàn, wọ́n sì dán jẹ́ẹ̀lì cellulose sulfate wò ní Èkó àti Port Harcourt. Kó tó di oṣù kejì ọdún 2007, wọ́n ti dá méjèèjì dúró láìsí ẹ̀rí pé wọ́n ń dènà kòkòrò náà.

Ìwádìí VOICE

Jẹ́ẹ̀lì tenofovir ló kọ́kọ́ mú ìrètí wá. Lọ́dún 2010, ìwádìí CAPRISA 004, tí Quarraisha àti Salim Abdool Karim léwájú rẹ̀ ní KwaZulu-Natal, fi hàn pé ó dín ìkóràn kù ní ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí FACTS 001 tó tẹ̀ lé e kò rí irú èsì bẹ́ẹ̀.

Láàrin méjèèjì ni VOICE wà, òun ló sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ lóye ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ kà. Láti 2009 sí 2012, ó kó obìnrin 5,029 jọ ní Gúúsù Áfíríkà, Uganda àti Zimbabwe, ó fún àwọn kan ní jẹ́ẹ̀lì, ó fún àwọn mìíràn ní hóró oògùn, kí wọ́n máa lò ó lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá bi àwọn obìnrin náà, èsì wọn ni pé àwọn ń lo nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n fún wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àyẹ̀wò tí wọ́n ti bá oògùn kò ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kò sí èyí tó dènà HIV nínú gbogbo ohun tí wọ́n pín.

Nígbà tó yá, àwọn oníwádìí padà lọ bá díẹ̀ nínú wọn, wọ́n fi èsì ẹ̀jẹ̀ oníkálùkù hàn án, wọ́n sì jókòó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ jáde. Ẹ̀rù ìpalára oògùn ń bà wọ́n. Irú oògùn tí àwọn tó ní HIV ń lò ni, nítorí náà ẹni tó bá rí i lọ́wọ́ obìnrin yóò ti pè é ní aláìsàn. Ọkọ ń fura, ará ilé ń béèrè.

Òrùka

Òrùka dapivirine jẹ́ òrùka sílíkónì rírọ̀ tí obìnrin ń fi sí ojú ara fúnra rẹ̀, tó sì ń pààrọ̀ lóṣooṣù. Mílígíráàmù 25 ni oògùn inú rẹ̀. Lóṣù kejì ọdún 2016, ìwádìí ńlá méjì, ASPIRE àti Ring Study, kéde pé ó dín ìkóràn kù ní ìdá 27 àti ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Àjọ ìlera àgbáyé WHO fọwọ́ sí i lọ́dún 2021.

Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin ń bẹ̀rù pé ó lè sọnù sínú ilé ọmọ tàbí kó já bọ́. Àwọn kan ń yọ ọ́ bí nǹkan oṣù bá dé, àwọn mìíràn ń yọ ọ́ kí ọkọ má baà mọ̀ ọ́n lára. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ á ní àwọn kì í rántí mọ́ pé ó wà lára àwọn.

Àríyànjiyàn wà lórí àwọn tó kéré lọ́jọ́ orí. Nínú ASPIRE, a kò rí i pé òrùka náà dáàbò bo àwọn ọmọ ọdún 18 sí 21. Wọn kì í lò ó déédéé tó àwọn tó jù wọ́n lọ, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ohun tó fà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ní ó ṣeé ṣe kí ìyàtọ̀ wà nínú ara ọ̀dọ́ fúnra rẹ̀. Ìwádìí REACH fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 16 sí 21 ní òrùka fún oṣù mẹ́fà, ó fún wọn ní hóró fún oṣù mẹ́fà, ó wá ní kí wọ́n mú èyí tó wù wọ́n. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn mú òrùka. Àmọ́ ìlò ni REACH wọ̀n, kì í ṣe agbára ìdènà, nítorí náà kò lè dá ẹjọ́ yẹn.

Abẹ́rẹ́ àti àwọn yòókù

Ní Kenya àti Gúúsù Áfíríkà, ìwádìí TRIO fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní òrùka, hóró àti abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ nínú ìfètò sọ́mọ bíbí, kò sì sí pé à ń wá ibi tí a máa fi í pamọ́ sí nílé. Lọ́dún 2020, ìwádìí HPTN 084 fi hàn pé abẹ́rẹ́ cabotegravir, tí wọ́n ń gún ní oṣù méjì-méjì, borí hóró. Lóṣù kẹfà ọdún 2024, ìwádìí PURPOSE 1 kéde pé nínú obìnrin 2,134 tó gba abẹ́rẹ́ lenacapavir lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ní Gúúsù Áfíríkà àti Uganda, kò sí ẹyọ kan tó kó HIV. Nínú ìwádìí kan náà, àwọn tó gba hóró tún ń jù ú sílẹ̀.

Fílmù pẹlẹbẹ tó ń yọ́ nínú ojú ara ṣì wà lẹ́nu ìwádìí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló sì ń sọ fún àwọn oníwádìí pé ohun kan ṣoṣo tó lè dènà HIV àti oyún pọ̀ ni àwọn ń fẹ́. Wọ́n ti gbé irú hóró bẹ́ẹ̀ fún àwọn obìnrin ní Johannesburg àti Harare, kí wọ́n lè fi wé lílo méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.