Ọwọ́ Kejì Lẹ́yìn Kámẹ́rà Ìgbéyàwó

Ní Sátidé kan tí kò tíì pẹ́, mo wà níbi ìgbéyàwó kan ní Ìbàdàn. Kì í ṣe ọkọ àti ìyàwó ló gbà mí lọ́kàn jù níbẹ̀, bí kò ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ya fótò, àti obìnrin kan tó jókòó sídìí tábìlì kékeré lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tòun ti kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ tó ń tẹ fótò jáde. Ọkùnrin ń yà, obìnrin ń ṣà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tà á, ó sì ń kọ orúkọ àwọn tó ní àwọn yóò fi owó ránṣẹ́ sínú ìwé. Nígbà tí ìyá ìyàwó fẹ́ mọ ọjọ́ tí álíbọ́ọ̀mù yóò jáde, kò tilẹ̀ wo apá ibi tí ọkùnrin náà wà. Ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ló wá tààrà. Ó ní, "Ìyàwó onífótò, ọjọ́ wo lẹ máa kó fótò wa dé?" Obìnrin náà dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, mà. Ṣùgbọ́n bí iná bá tún ṣe wá bó ṣe ṣe wá lóṣù tó kọjá, ẹ bá wa kà á sí mẹ́rin."

Nígbà tí èrò dínkù díẹ̀, mo bá wọn sọ̀rọ̀. Tíṣà ni obìnrin náà láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n fi ń san owó ilé láti ọdún méjì tí ọkọ rẹ̀ ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, tó sì gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Àjọ tí òun àti àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá ni wọ́n sì fi ra kámẹ́rà ọ̀hún. Àwọn méjèèjì ló wọ aṣọ kan náà tí wọ́n kọ nǹkan sí lẹ́yìn. Orúkọ ọkọ nìkan ni ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wọn ló mú mi padà sínú ìtàn. Àwọn tó ń kọ ìtàn fótò ní ilẹ̀ wa sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn fótò, níbi tí òǹtẹ̀ onífótò máa ń wà. Òǹtẹ̀ yẹn wúlò púpọ̀, òun ló ń jẹ́ kí a mọ ẹni tó ya ohun tí à ń wò. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni òǹtẹ̀ máa ń gbà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ fótò ìgbéyàwó kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan rí. Owó kan ní láti ti ibòmíràn wá kí iṣẹ́ náà tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọwọ́ kan sì ní láti wà nínú òkùnkùn tí yóò máa parí ohun tí ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ níta.

Ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀nà jíjìn bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1862, James Pinson Labulo Davies gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó ní ìjọ St Nicholas ní ìlú Brighton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹrú, tí wọ́n sì fi sí Sierra Leone, ni àwọn òbí Davies. Òun fúnra rẹ̀ ti di oníṣòwò pàtàkì ní Èkó. Sarah ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbádò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àìná, tí ogun Dahomey kó lẹ́rú, kí Ọba Gezo tó fi í ta Ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ ní 1850. Fótò ọkọ àti ìyàwó yìí tí à ń rí títí di òní kì í ṣe èyí tí wọ́n yà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n yà á, ó lé ní oṣù kan lẹ́yìn ìgbéyàwó, ní sítúdíò Camille Silvy ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Orí dígí ni wọ́n ń ya fótò sí nígbà náà. Wọ́n á da oògùn sí dígí, wọ́n á yà á nígbà tó ṣì tutù, wọ́n á sì fọ̀ ọ́ kó tó gbẹ, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Onífótò kò lè jìnnà sí yàrá òkùnkùn rẹ̀, nítorí náà lọ́kọláya ló máa ń gbé aṣọ wọn lọ bá a. Ìwé tí Silvy ń tọ́jú, tí ó ń fi nọ́ńbà àti ọjọ́ sí gbogbo àwọn tó wá jókòó níwájú kámẹ́rà rẹ̀, ló jẹ́ kí a mọ ọjọ́ náà. Òṣìṣẹ́ bí ogójì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó po oògùn, ẹni tó fọ dígí, ẹni tó lẹ fótò mọ́ páálí, ìtàn kò dárúkọ wọn fún wa. Silvy la mọ̀.

Ní Èkó, òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1884 wá fi ẹsẹ̀ ìgbéyàwó olórùka múlẹ̀ láàárín àwọn Kristẹni ọlọ́lá. Aṣọ funfun dé, kéèkì dé, àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà sì ń ròyìn ìgbéyàwó àwọn ènìyàn ńlá. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló fa àwọn onífótò mọ́ra. N. Walwin Holm ti ní sítúdíò ní Accra kó tó kó wá sí Èkó ní 1896. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀, J. A. C. Holm, ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tó yá, bàbá fi kámẹ́rà sílẹ̀, ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí iṣẹ́ yìí bá ń yó ẹni tó ń ṣe é gan-an, èmi kò rò pé Holm ì bá lọ tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n ìtàn George S. A. da Costa ni mo fẹ́ràn jù. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1853. Láti 1877 títí di 1895, òun ló ń bójú tó ilé-ìtàwé CMS. Ìgbà tó kúrò níbẹ̀ ló kọ́ iṣẹ́ fótò, £30 ni ẹ̀kọ́ náà sì ná an. Ẹ wo ìṣirò yẹn dáadáa: ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ti fi ọdún méjìdínlógún gba owó oṣù, ló kó owó ńlá bẹ́ẹ̀ lé iṣẹ́ tuntun. Bẹ́ẹ̀ la kà á sínú àwọn aṣáájú onífótò Èkó. Kí kámẹ́rà tó bọ́ ọ, ilé-ìtàwé ló bọ́ ọ.

Irú ìtàn kan náà tún wà ní Ìbàdàn. J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Ovbiomu-Emai ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní, ra kámẹ́rà Brownie D ní 1950. Ní 1954, ó di olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn ní Mínísítírì Ètò Ìròyìn ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn, kó tó lọ sí West African Publicity ní Èkó, níbi tó wà láti 1963 sí 1975. Ọdún 1975 yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Foto Ojeikere sílẹ̀, ọdún márùndínlọ́gbọ̀n gbáko lẹ́yìn kámẹ́rà àkọ́kọ́. Àwọn fótò irun dídì tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, 1968 ló bẹ̀rẹ̀ wọn, nígbà tó ṣì ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Owó oṣù yẹn ló fún un láyè láti máa ya ohun tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Ẹni tí kò bá ní owó oṣù ti ara rẹ̀ ńkọ́? Ní ti irú wọn, ẹlòmíràn ní láti ní in fún un, ẹni náà sì sábà máa ń jẹ́ ìyàwó rẹ̀.

Ìṣẹ́ gidi nínú iṣẹ́ yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àríyá nígbà náà lọ́hùn-ún. Fíìmù oníhò ńlá kan lè má ya ju ààyè méjìlá lọ, èyí tó kéré a máa ya mẹ́rìndínlógójì. Gbogbo ìgbà tí onífótò bá tẹ bọ́tìnnì, owó ló tẹ̀ yẹn. Bó bá di alẹ́, wọ́n á wọ yàrá òkùnkùn. Fíìmù kò gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Bébà fótò aláwọ̀ dúdú òun funfun lè fara da iná pupa. Oògùn kan yóò mú àwòrán jáde, òmíràn yóò jẹ́ kó dúró, lẹ́yìn náà omi púpọ̀ ni wọ́n á fi ṣàn án, nítorí bí omi bá kéré, fótò náà yóò pọ́n láàárín ọdún díẹ̀. Ta ló pọn omi náà? Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni, tí wọn kò tíì ṣe firídọ̀m, àti ìyàwó ọ̀gá. Ní àdúgbò tí mo gbé dàgbà, ìyàwó onífótò a máa sá fótò sórí okùn lẹ́yìnkùlé bí ẹni sá aṣọ ọmọ, àwa ọmọdé á sì máa yọjú wo ta ló gbéyàwó. Mo mọ orúkọ ọkọ rẹ̀ dòní, nítorí ó wà lára pátákó. Ìyá onífótò là ń pe òun.

Accra tí Holm ti wá ní àpẹẹrẹ tó yàtọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Felicia Abban nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ fótò lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ní 1955, nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, ó ṣí sítúdíò tirẹ̀ ní Jamestown. Ọkọ rẹ̀, Robert Abban, ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ló ṣe ọnà aṣọ olójú Nkrumah tí Ghana fi ṣe òmìnira. Ilé kan, iṣẹ́ méjì. Níbí, orúkọ obìnrin ló wà lára pátákó, pẹ̀lú "Mrs." níwájú rẹ̀. Ìyàtọ̀ kékeré ni ẹnìkan lè pè é, ṣùgbọ́n nítorí pátákó yẹn ni a ṣe lè pe orúkọ rẹ̀ lónìí.

Nígbà tí fótò aláwọ̀ mèremère gbòde, tí àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń fọ̀ ọ́ sì dé ìgboro, yàrá òkùnkùn inú ilé kú. Ètò SAP ti 1986 tún sọ náírà di yẹpẹrẹ, fíìmù àti bébà tó ń ti òkè òkun wá sì gbówó lórí. Iṣẹ́ ọwọ́ kejì kò tán, ó kàn yí padà ni. Ẹnì kan ní láti sáré gbé fíìmù lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ nígbà tí àríyá ṣì ń lọ lọ́wọ́, kó sì gbé e dé kí àwọn àlejò tó tú ká. Ẹnì kan sì ní láti mú fótò lọ́wọ́ kó máa wá ojú tó wà níbẹ̀ láàárín ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn tó wọ aṣọ ẹbí kan náà, tí wọ́n wé gèlè kan náà. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yìí o. Mo ti rí obìnrin tó fi fìlà kan ṣoṣo tó tẹ̀ sápá òsì mọ ẹni tó ni fótò, tó sì rí owó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó wọ mọ́tò.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, kámẹ́rà rẹ̀ kò gba fíìmù mọ́, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà kò yí padà. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀ kì í so yìgì ní ìgbà Lẹ́ńtì, ìgbéyàwó a sì máa wọ́n ní oṣù Ààwẹ̀. Oṣù Kejìlá yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀, oṣù Kìíní yóò gbẹ. Láàárín oṣù gbígbẹ wọ̀nyí, onílé kò ní sọ pé òun yóò dúró de àsìkò àríyá.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti dun ọkàn mi ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, opó kì í jogún ọkọ rẹ̀; ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tẹ̀lé. Federal Supreme Court tún fi ìdí èyí múlẹ̀ ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu. Lóòótọ́, òfin mìíràn ló ń darí ẹni tó bá ṣègbéyàwó ní kóòtù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìyàwó onífótò ló dé kóòtù. Ẹni tó fi owó oṣù rẹ̀ ra kámẹ́rà, tó fọ fótò fún ogún ọdún, lè wà níbẹ̀ tí àwọn ẹbí ọkọ yóò fi pín ẹ̀rọ, tí wọn yóò sì kó fíìmù àtijọ́ dànù sórí àkìtàn. Bẹ́ẹ̀ CAC gbà kí ènìyàn méjì jọ fi orúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oní-òwò kan náà. Ìwé díẹ̀ ni, owó rẹ̀ kò sì tó ti lẹ́ńsì kan.

Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin Ìbàdàn yẹn bóyá orúkọ ìyàwó rẹ̀ wà nínú ìwé wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwa méjèèjì la ni í, kò sí ìyàtọ̀." Ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè kúrò níbi owó tó ń kà. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ ọ́ sí i, sà." Ó so owó náà ní rọ́bà, ó fi sínú àpò, ó sì kó àwọn fótò tí kò tíì rí olówó mọ́wọ́, ó wọ inú gbọ̀ngàn lọ.