Abẹ, Ọmú àti Abiyamọ: Bí Ayé Ti Kọ́ Láti Dín Ọmú Kù

Nínú gbogbo ẹ̀yà ara obìnrin, bóyá ni a rí èyí tí Yorùbá bu ọlá fún tó ọmú. Ọmú ni ìyá fi ń bẹ ọmọ nígbà tí ọ̀ràn bá le. Òun kan náà ni ó fi ń kìlọ̀ fún un nígbà tí ìwà rẹ̀ bá burú. Ní ilẹ̀ Àwórì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Kétu àti ní Ẹ̀gbádò, ọkùnrin tí ó bá ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ a máa de ọmú tí a fi igi gbẹ́ mọ́ àyà rẹ̀, kí ó lè jó láti yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Nítorí náà, bí obìnrin tí ó ti bímọ bá dìde tí ó ní òun fẹ́ kí dókítà fi abẹ dín ọmú òun kù, ẹnu a ya ará ilé. Àwọn kan a ní oge ni ó fẹ́ ṣe. Àwọn kan a ní àṣà Òyìnbó ni. Àwọn mìíràn a ní ó fẹ́ fi ebi pa ọmọ tí kò tí ì wá sí ayé.

Mo fẹ́ fi ìtàn hàn nínú àròkọ yìí pé ọ̀ràn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ abẹ yìí ti rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ti kọ́ ọgbọ́n púpọ̀ lójú ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo ni abẹ kò lè ṣe fún abiyamọ: kò lè bá a gbé ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ọgbẹ́ fi ń jiná. Iṣẹ́ ará ilé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹrù náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba títì Àgbádárìgì kọjá ní òwúrọ̀, láti Ìyànà-Ìbà dé Okokomaiko, kí ó sì tẹ̀síwájú títí dé Ìjanikin ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, yóò rí iye iṣẹ́ tí obìnrin ń fi èjìká àti àyà ṣe. Òmíràn ru agbọ̀n ẹja gbígbẹ. Òmíràn ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ní Alábà. Òmíràn pọn ọmọ, ó sì so ọ̀já mọ́ àyà pinpin. Bí ọmú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá tóbi rékọjá ohun tí egungun rẹ̀ lè gbé, ọrùn a máa ro ó, ẹ̀yìn a máa dùn ún, okùn kọ́mú a sì jẹ ojú ihò sí èjìká rẹ̀. Nínú ooru ilẹ̀ wa, abẹ́ ọmú a máa bó, a máa yún un. Nígbà mìíràn ọwọ́ rẹ̀ a máa kú tipiri. Ó wọ́pọ̀ pé ìgbà oyún àti ìgbà ìfọ́mọlọ́mú ni ọmú fẹ̀ sí i, tí kò sì padà sí ipò rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí a já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ìnira ni èyí, kì í ṣe oge.

Ìnira yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ọ̀rúndún keje lẹ́yìn ìbí Kristi, dókítà ará Gíríìkì kan, Paul ti Aegina, kọ ọ́ sínú ìwé bí a ti lè fi abẹ dín ọmú kù, ṣùgbọ́n ọmú ọkùnrin tí ó bá wú bí ti obìnrin ni ó ń sọ. Ní 1669, William Durston, dókítà ní ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ Royal Society nípa ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ọmú rẹ̀ wú lójijì, tí ó sì wú títí ó fi kú. Wọ́n ní ọmú òsì rẹ̀ nìkan tó ìwọ̀n pọ́n-ùn 64, èyí tí í ṣe nǹkan bí kílò 29. Ẹ rò ó wò: ó ju àpò sìmẹ́ǹtì ààbọ̀ lọ lára ènìyàn kan. Durston kò rí nǹkan ṣe sí i, nítorí ní ayé ìgbà náà kò sí oògùn tí ó lè kun ènìyàn lóorun dáadáa fún iṣẹ́ abẹ, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ń mú ọgbẹ́ kẹ̀.

Bí iṣẹ́ abẹ ọmú ti rí ṣáájú oògùn oorun, Fanny Burney, obìnrin òǹkọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi yé wa jù. Abiyamọ ni, a bí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní 1794. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1811, ní ìlú Paris, Larrey, oníṣẹ́ abẹ tí ó bá ọmọ ogun Napoleon rìn, gé ọmú rẹ̀ kan kúrò nítorí wọ́n gbà pé jẹjẹrẹ ni. Ìwọ̀nba ọtí wáìnì ni a fún un mu. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi bo ojú rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́ kí ó má rí bí abẹ ti ń dán. Ó ti ṣètò ṣáájú kí ọkọ rẹ̀ má baà sí nílé. Oṣù púpọ̀ kọjá kí ó tó lè kọ ọ̀rọ̀ náà tán sínú lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Síbẹ̀ ó yè é, ó sì wà láyé títí di 1840.

Ohun tí Burney kò mọ̀ ni pé ní 1804, ọdún méje ṣáájú tirẹ̀, dókítà kan ní ilẹ̀ Japan, Hanaoka Seishū, ti gé kókó jẹjẹrẹ kúrò nínú ọmú ìyá arúgbó ẹni 60 ọdún nígbà tí ìyá náà sùn fọnfọn. Àpòpọ̀ ewé àti egbò ni ó fi kùn ún lóorun, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹbí igi tí àwa ń pè ní gegemu. Májèlé gidi ni igi yìí fún ẹni tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ìtàn ilẹ̀ wọn sọ pé ìyá Hanaoka àti aya rẹ̀ ni ó yọ̀ǹda ara wọn kí ó fi dán oògùn náà wò, ojú aya náà sì fọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Japan ti ilẹ̀kùn mọ́ra nígbà náà, ọgbọ́n yìí kò sì jáde dé ibòmíràn.

Ìlẹ̀kùn méjì ni ó ní láti ṣí kí iṣẹ́ abẹ ọmú tó di ohun tí ènìyàn lè fi ìfẹ́ ara rẹ̀ yàn. Èkíní ṣí ní Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá, ọdún 1846, nígbà tí William Morton fi èéfín ether kun aláìsàn lóorun níwájú àwọn dókítà. Èkejì ṣí ní 1867, nígbà tí Joseph Lister tẹ ìwé jáde pé bí a bá fi oògùn kábólíìkì pa kòkòrò tí ń ba ọgbẹ́ jẹ́, ọgbẹ́ kò ní kẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Wọn kò béèrè mọ́ pé, “Ǹjẹ́ obìnrin yìí yóò yè é?” Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, “Báwo ni ọmú yóò ti rí lẹ́yìn abẹ, ǹjẹ́ yóò sì ṣiṣẹ́?”

Ní 1897, Alfred Pousson ní ilẹ̀ Faransé gé apá òkè ọmú tí ó wúwo kúrò, ó sì rán ìyókù mọ́ àyà kí ó má baà já wálẹ̀. Ìṣòro tí ó kù ni orí ọmú. Bí a bá gé inú ọmú, orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nísàlẹ̀ mọ́. A ní láti gbé e sókè, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dé ibẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò dúdú, yóò sì kú. Ní 1922, Max Thorek ní Chicago gé orí ọmú kúrò pátápátá, ó sì tún un rán sí ipò tuntun, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti í ṣẹ́ ẹ̀ka kan tí í sì rì í sí ibòmíràn. Ó yè, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí omi ọmú ń gbà ti gé, kò sì sí ọmọ tí yóò mu níbẹ̀ mọ́. Ní 1930, Emil Schwarzmann ní Vienna fi hàn pé kò pọn dandan kí a gé orí ọmú kúrò: kí a fi awọ àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó yí i ká sílẹ̀ mọ́ ọn, kí a sì jọ gbé wọn sókè. Àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n: igi tí a ṣí nípò pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ ni í tètè fìdí múlẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ti ń tún un ṣe. Ní 1956, Robert Wise, ará Amẹ́ríkà, wo bí a ti ń gé aṣọ kọ́mú, ó sì fi ṣe àwòrán tí a ó máa yà sí ara obìnrin kí abẹ tó kàn án. Títí di òní àwọn dókítà ń lò ó. Strömbeck ní ilẹ̀ Sweden ní 1960 àti McKissock ní Amẹ́ríkà ní 1972 fi ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ yóò gbà dé orí ọmú hàn ju ti ìṣáájú lọ. Lẹ́yìn wọn ni àwọn obìnrin oníṣẹ́ abẹ dé, Madeleine Lejour ní Belgium àti Elizabeth Hall-Findlay ní Kánádà, tí wọ́n sọ àpá náà di kékeré. Kókó tí abiyamọ yóò dì mú nínú gbogbo èyí ni pé bí a bá fi orí ọmú sílẹ̀ mọ́ ẹran tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó tún fún ọmọ lọ́mú lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n kò sí dókítà olóòótọ́ tí yóò búra fún un.

Ní ilẹ̀ tiwa, ogun ni ó bí ilé ìwòsàn tí a fi mọ irú iṣẹ́ àtúnṣe ara bẹ́ẹ̀. Ìgbóbì bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgọ́ àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì di ilé ìwòsàn ní 1945. Ilé Ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn ṣí ní 1957, ti Ìdí-Àràbà sì tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1983, ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tirẹ̀ ní Ìkẹjà. Obìnrin Ọ̀tọ̀-Àwórì kò ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú mọ́ kí ó tó rí ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni kí ó wádìí bóyá orúkọ dókítà náà wà nínú ìwé Medical and Dental Council of Nigeria, kí ó má sì tẹ̀ lé ẹni tí ó kàn ń polówó.

Ìmúrasílẹ̀ ṣe pàtàkì. Dókítà púpọ̀ a máa ní kí abiyamọ dúró tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ó bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, kí ọmú lè fìdí kalẹ̀. Bí ó bá sì ń gbèrò láti tún bímọ láìpẹ́, ó sàn kí ó bí i tán ná, nítorí oyún lè tún mú ọmú fẹ̀. A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a ó wo ìfúnpá àti ìtọ̀ ṣúgà, a ó sì yẹ inú ọmú wò nítorí jẹjẹrẹ. Ẹni tí ó ń mu tábà ní láti dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú, nítorí tábà a máa dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ dé orí ọmú. Kí ó má sì fi àgbo pamọ́ fún dókítà: òmíràn nínú wọn a máa mú ẹ̀jẹ̀ dà ju bí ó ti yẹ lọ. Bí àpá a bá máa wú sókè lára rẹ̀, kí ó sọ ọ́, nítorí irú àpá bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú.

Wákàtí méjì sí mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ń gbà. Ẹran tí a gé kúrò a máa lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Bí obìnrin bá jí, kọ́mú tí ó le ni yóò wọ̀ tọ̀sán-tòru fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ̀yìn ni yóò máa fi sùn. Yóò máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ibà bá mú un, bí ọgbẹ́ bá pọ́n tí ó sì ń rùn, bí orí ọmú bá ń dúdú, tàbí bí ẹsẹ̀ kan bá wú, ilé ìwòsàn ni kí ó sáré lọ. Orí ọmú lè kú tipiri fún oṣù púpọ̀, ti ẹlòmíràn kì í sì í sọjí. Àpá a máa gbà tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rọ̀.

Èyí tí ó le jù fún abiyamọ ni pé kò gbọdọ̀ gbé ohun wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọmọ ọdún méjì jẹ́ ohun wúwo. Kò gbọdọ̀ pọ̀n ọ́n, kò gbọdọ̀ fà á sókè láti inú ọpọ́n ìwẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó fò mọ́ òun láyà. Ọmọ kò mọ̀ pé abẹ ni. Yóò sunkún, yóò sì na ọwọ́.

Níbí ni àṣà àwọn bàbá wa ti ní ọ̀rọ̀ sọ. Nínú agbo-ilé àtijọ́ ní ilẹ̀ Àwórì, obìnrin tí ó bá bímọ kì í dá nìkan wà. Ìyá ọkọ tàbí ìyá tí ó bí i a wá wẹ ọmọ. Orogún a pọnmi. Ọmọ tí ó dàgbà a gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n. Títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, ìsinmi abiyamọ kì í ṣe ọ̀lẹ lójú ẹnikẹ́ni. Ogójì ọjọ́ yìí àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí dókítà òde òní ń sọ kò jìnnà sí ara wọn rárá. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé lónìí, tọkọtaya a máa gbé yàrá kan ní Okokomaiko láìní ìbátan nítòsí, ọkọ a sì ti jáde lójúmọmọ kí gòósílóò ojú títì má baà dá a dúró. Ìjọba pàápàá mọ ìsinmi ìbímọ: ní 2014 Ìpínlẹ̀ Èkó fún abiyamọ tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní oṣù mẹ́fà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, ó sì fún ọkọ ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n abiyamọ tí abẹ kàn láyà kò bí ọmọ tuntun tí a lè rí, nítorí náà àwọn ènìyàn a máa rò pé kò yẹ ní ẹni tí à ń tọ́jú.

Nítorí náà, kí abiyamọ tó mú ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà, kí ó kọ́kọ́ mú ọjọ́ lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ta ni yóò máa wẹ ọmọ? Ta ni yóò lọ sí ọjà? Kí ọkọ pẹ̀lú kọ́ bí a ti í so ọ̀já. Kò bù ú kù. Àwọn baba wa ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Lórí ọ̀ràn yìí òwe náà kì í ṣe àfiwé lásán: àyà tí a là, tí a sì rán, ọwọ́ púpọ̀ ni yóò mú un jiná.