Ilé Ẹ̀kọ́ Orí Omi: Bí Àwọn Ọmọdé Ṣe Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ẹja Pípa ní Èpẹ́

Àwọn àgbà ní ìgbà tí ẹja bá tutù là á ká a. Bí ó bá gbẹ tán, ṣe ni yóò kán. Ẹ̀kọ́ ọmọdé ni wọ́n ń pa òwe yìí fún. Ní ìlú wa, Èpẹ́, níbi tí ère ẹja ti ń kí àlejò káàbọ̀, ọ̀rọ̀ náà kọjá òwe. Kí ilé ìwé tó dé, orí omi ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ẹ̀kọ́ náà ṣe rí, ohun tó yí i padà, àti ìdí tí kò fi yẹ kí a jẹ́ kó parun.

Ọ̀sà Èpẹ́ wà láàárín ọ̀sà Lẹ́kí ní ìlà oòrùn àti ọ̀sà Èkó ní ìwọ̀ oòrùn. Kí ọ̀nà mọ́tò tó dé, omi ni ọ̀nà, omi sì ni oko. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Èpẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ padà wá tẹ̀dó sí. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá a wá kò padà mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú-Èpẹ́ àti Èkó-Èpẹ́ títí dòní. Orírun wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sà kan náà ló ń bọ́ wọn.

Bàbá bàbá mi jẹ́ apẹja. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé a kì í fi àwọ̀n lé ọmọdé lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Omi ni ọmọ ń kọ́kọ́ kọ́. Yóò máa lúwẹ̀ẹ́ ní etí bèbè, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lè kan ilẹ̀, tí ojú àgbàlagbà sì wà lára rẹ̀. Bí ó bá ti lè lúwẹ̀ẹ́, wọn yóò gbé e sínú ọkọ̀, wọn yóò sì fún un ní igbá kí ó máa gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù. Lójú ẹni tí kò mọ̀, eré lásán ni. Ṣùgbọ́n nídìí igbá yìí ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń jókòó tí ọkọ̀ kò fi ní fì, ibi tí omi ń gbà wọlé, àti bí ìgbì ṣe ń rí kí afẹ́fẹ́ tó le. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tó fún un ní àjẹ̀ kékeré.

Ìpele kejì wà lórí ilẹ̀. Òwú ni wọ́n fi ń hun àwọ̀n láyé ìgbà náà, òwú sì ń jẹrà bí a kò bá sá a. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá dé, wọ́n ní láti ta àwọ̀n sínú oòrùn. Àwọn ọmọdé a di etí rẹ̀ mú, wọn a máa wá ibi tó ya, àgbà a sì máa dí i lójú wọn. Wọ́n ń fi ìka wọn ojú àwọ̀n, kí wọ́n lè mọ irú ẹja tí yóò há àti irú èyí tí yóò bọ́. Àwọn ọmọbìnrin wà lọ́dọ̀ ìyá wọn nídìí ẹja yíyan, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń ṣa ẹja, bí a ṣe ń dáná sí i, àti bí a ṣe ń ṣírò èrè.

Ẹja pípa gan-an wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀ àti ekòló ní etí omi, níbi tí ọmọ ti ń kọ́ sùúrù àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìgèrè ló tẹ̀ lé e: ẹja a gba ẹnu rẹ̀ wọlé, kò sì ní mọ ọ̀nà àbájáde. Àwọ̀n jíjù ló kẹ́yìn, torí pé orí ìdúró ni a ti ń jù ú nínú ọkọ̀. Ẹni tí kò tíì mọ ọkọ̀ jókòó kò lè dúró nínú rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èpẹ́ wà lábẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ìbùkún ńlá ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí, ṣùgbọ́n àárọ̀ ni agogo ilé ìwé ń lù, àárọ̀ náà sì ni apẹja ń yẹ ìgèrè wò. Bàbá àgbà mi wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé ìwé lọ́dún náà. Wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ni àwọn máa ń lọ dẹ ìgèrè, bàbá wọn a sì bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ṣe gba ọmọ kan náà láìjà.

Kì í ṣe ilé ìwé nìkan ló mú àyípadà wá. Àwọ̀n ọ̀rá dé, kò nílò kí a máa sá a lójoojúmọ́, iṣẹ́ tó ń kó ọmọ àti àgbà jọ sí etíkun sì dínkù. Ẹ́ńjìnnì rọ́pò àjẹ̀, ọkọ̀ sì ń sáré ju ohun tí ọmọdé lè darí lọ. Ní 1984, ewéko tó ń léfòó gba odò Bàdágìrì wọ inú àwọn ọ̀sà wa, ó ń bo ojú omi, ó sì ń dí ọ̀nà ọkọ̀.

Kí ni a wá pàdánù? Àwọn ọmọ kíláàsì mi kan wà tí wọ́n ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ ọ̀sà láti orí ibùsùn wọn, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè lúwẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, bí ìsinmi bá dé, wọn a bá ẹlòmíràn lọ pẹja. Ìpele tó kẹ́yìn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń dúró nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láìkọ́ ohun tí igbá fi ń kọ́ ọmọ. Ewu tó lè gba ẹ̀mí ni.

Àwọn kan lè ní ìfìyàjẹ ọmọ ni kí a mú un lọ sódò. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò jẹ́ kí a gba ọmọdé síṣẹ́, àfi iṣẹ́ fúyẹ́ ti oko, ọgbà tàbí ilé lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹrù tí yóò pa á lára. Ìlànà àwọn àgbà kò jìnnà sí èyí: igbá kí wọ́n tó fún un ní àjẹ̀, ìwọ̀ kí wọ́n tó fún un ní àwọ̀n. Ọmọ tí a mú kúrò ní kíláàsì kí ó lè máa fa àwọ̀n kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ń jẹ ẹ́ níyà ni.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọmọ yín ní ẹja pípa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí bèbè. Ẹ jẹ́ kí ó mọ omi kí ó tó mọ ẹja, ẹ sì wọ ẹ̀wù ìléfòó fún un kí ó tó wọ ọkọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ pe àwọn apẹja àgbà wá sí kíláàsì ìtàn nígbà tí wọ́n ṣì wà pẹ̀lú wa. Ìwé tí a lè fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí kò tíì sí lọ́wọ́ wa. Inú orí wọn ló wà.