Kiruna, ìlú tí kùsà irin lé kúrò nílé

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n gbé odidi ṣọ́ọ̀ṣì onípákó kan sórí ọkọ̀ ní ìlú Kiruna, lápá àríwá Sweden. Wọn ò tú u palẹ̀ o. Ilé tí wọ́n ti kọ́ parí láti 1912, tó wúwo ju 600 tọ́ọ̀nù lọ, rin nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún láàárín ọjọ́ méjì. Irin abẹ́ ilẹ̀ ló lé e.

Ilé-iṣẹ́ LKAB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1890, ló ń wa irin náà. Nítorí kùsà yìí gan-an ni ìlú náà ṣe wà. Gbangba orí òkè ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń wà á, títí di àwọn ọdún 1960. Bí kòtò ṣe ń jìn, òkúta lásán tí wọ́n ní láti kó dànù ń pọ̀ sí i, owó sì ń lọ. Wọ́n bá wọ abẹ́ ilẹ̀.

Àwọn awakùsà míì máa ń fi irin díẹ̀ sílẹ̀ bí òpó kí òrùlé ihò má baà wó. Owó tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan ń kó nǹkan dí ihò padà, èyí tó ní ìnáwó tirẹ̀. Kiruna ò ṣe ìkankan. Wọ́n ń la ọ̀nà wọnú òkúta irin ní ìpele-ìpele, láti òkè wá sísàlẹ̀. Wọ́n á lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sókè, wọ́n á ki ohun abúgbàmù sínú rẹ̀, wọ́n á yìn ín. Irin á já, ẹ̀rọ á kó o, àpáta tó wà lókè á sì máa wó tẹ̀ lé e. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kó wó ni. Ọ̀nà yìí ò gbówó lórí bíi tàwọn yòókù, ó sì ń mú irin rẹpẹtẹ jáde.

Àmọ́ irin náà gùn tó kìlómítà mẹ́rin, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọ abẹ́ ìlú lọ. Bí wọ́n ṣe ń jìn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tó ń wó ń sún mọ́ ilé àwọn èèyàn. Ní 2004 ni wọ́n kéde pé ìlú gbọ́dọ̀ ṣí. Ní 2013, wọ́n ṣí ìpele tuntun tó jìn tó 1,365 mítà.

Òfin ní kí LKAB san owó ohun tó bá bàjẹ́, nítorí náà owó ilé ti wọnú ìṣirò. Èmi ò wá mọ bí a ṣe lè pe irú irin bẹ́ẹ̀ ní èyí tí a fowó pọ́ọ́kú wà. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀ṣì náà gúnlẹ̀, LKAB kéde pé nǹkan bíi 6,000 èèyàn míì yóò kó kúrò.